Orúnkún Mi Kọ́ Ló Ń Ṣe Mí

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ Sátidé yẹn débi pé mi ò rí kànga tó wà níwájú ilé mi ní Mowe. Gbogbo ayé funfun bí ìgbà tí èéfín bá bo ibi tí mo ti ń se ìrẹsì. Ètè mi ti là, etí mi tutù, eruku sì ti bo àga oníke tí mo fi ń kírun. Mo ń gbọ́ ìró ọkọ̀ lójú títì márosẹ̀, ṣùgbọ́n ojú mi ò rí ẹyọ kan. Ẹ rántí àga yẹn, mo máa padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo la ẹnu ara mi sọ ohun tó ń ṣe mí, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀ tọ́jú ohun tí kò ṣe mí.

Ìrẹsì ọ̀fàdà ni iṣẹ́ mi. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń rẹ ẹ́, tí mo ń bọ̀ ọ́, tí mo ń sá a sóòrùn, tí mo ń gbé e lọ sí ẹ̀rọ, tí mo ń fẹ́ ẹ, tí mo sì ń ṣa òkúta inú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìrẹsì mi mọ̀ pé èèyàn lè di ojú jẹ ẹ́. Mi ò kàwé púpọ̀. Ìwé mẹ́rin ni mo kà kí bàbá mi tó ní ó tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo lè kọ ohun tí ojú mi rí, mo sì ń kọ ọ́ nítorí ẹni tí dókítà bá sọ fún pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló ń ṣe é, tí àwọn ará ilé rẹ̀ wá ní kó pa á mọ́ra.

Kì í ṣe ẹkún ló kọ́kọ́ dé. Èmi náà ti rò tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ń ṣàìsàn á máa sunkún ni, tàbí kó máa dá sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Èmi ò sunkún. Mo kàn jókòó sídìí atẹ́ lọ́jọ́ kan, mo rí òkúta kan nínú ìrẹsì, mo ń wò ó. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n ṣà á. Ọwọ́ mi ò lọ. Mo fi í sílẹ̀. Mo rí ìkejì, mo fi òun náà sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, atẹ́ kan ṣoṣo ṣì wà lórí ẹsẹ̀ mi, èmi tí mo máa ń ṣa mẹ́rin kí oòrùn tó kan àtàrí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tíṣà kan tó ti ń rajà lọ́wọ́ mi láti ìgbà tí kò tíì lọ́kọ gbé ìrẹsì padà wá. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ìyá, ẹ má bínú o, òkúta ni mo ń jẹ láti àná.” Ká ní ara mi dá ni, ọ̀rọ̀ yẹn ì bá dùn mí wọ eegun. Mo gba ìrẹsì mi, mo dá owó rẹ̀ padà fún un. Kò dùn mí, kò sì tì mí lójú. Pé kò dùn mí yẹn gan-an ló yẹ kó dẹ́rù bà mí.

Oúnjẹ wá dà bí páálí lẹ́nu mi. Mo máa ń jí kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, màá sì wà lórí ibùsùn bí igi tí wọ́n gbé sílẹ̀, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Omi ìwẹ̀ mi á tutù nínú garawa, oòrùn á tún mú un gbóná, mi ò ní tíì dìde. Ìró aṣọ mi tí mo máa ń ró lẹ́ẹ̀kan wá di èyí tí mò ń ró ní ẹ̀ẹ̀mejì yí ìdí mi ká. Bí wọ́n bá bá mi sọ̀rọ̀, ó máa ń pẹ́ kí èsì tó dé ẹnu mi, nígbà tó bá sì fi máa dé, wọ́n á ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Sìdíkà, àkọ́bí mi tó ń gbé ní Ibafo, ló kọ́kọ́ fura. Ó wá kí mi, ó rí àpò ìrẹsì tí kòkòrò ti wọ̀, ló bá pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní ilé bàbá wa ní Ifo. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé àgbo wá nínú kẹ́ẹ̀gì, ó ní ibà ló wọ inú egungun. Nígbà tí àgbo ò ṣe é, ó mú hàǹtú wá, omi tí wọ́n fi fọ wàláà, ó ní ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ibà, pé ayé ló ń bá mi jà. Ọkọ Sìdíkà, ọmọ dáadáa ni, onígbàgbọ́ ni, òun náà gbé mi lọ sí ibi àdúrà kan lọ́nà Asese, a jókòó níbẹ̀ láti àárọ̀ títí tí ẹsẹ̀ mi fi wú, ó sì gbé òróró lé mi lọ́wọ́ bọ̀ wálé. Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Mi ò sì bú àdúrà, títí di òní ni mo ń gbà á. Ṣùgbọ́n àgbo láàárọ̀, hàǹtú lọ́sàn-án, òróró nírọ̀lẹ́, inú ikùn mi ni gbogbo wọ́n ti ń pàdé. Kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn tó jókòó tì mí kó ní, “Kí ló ń ṣe ọ́ gan-an?” Bí wọ́n bá ń gbèrò, èmi ni wọ́n ń gbèrò lé lórí, ṣùgbọ́n bí ẹni ń gbèrò lórí ẹran iléyá ni.

Ọjọ́ tí mo ṣubú níbi tí mo ti ń tú ìrẹsì sórí ẹní ni Sìdíkà gbé mi lọ sí ọsibítù ìjọba. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti dúró lórí ìlà irú ibẹ̀ rí kò nílò kí n ṣàlàyé. A débẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ẹni tó ń pín nọ́ńbà kò tíì dé, nígbà tó sì dé, ó ní ká lọ gba káàdì níbòmíràn ná. Nígbà tí a gba káàdì, nọ́ńbà ti tán, ẹnì kan ṣàánú mi ló fún mi ní tirẹ̀. Wọ́n wọn ìwọ̀n mi, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n ní ká máa dúró. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń jà lórí ìjókòó. Ó ti di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó pe orúkọ mi.

Ọmọbìnrin kan ni dókítà náà, ọmọ tí mo lè bí ìyá rẹ̀. Ó wo ìwé ẹ̀jẹ̀, ó wo ojú mi, ó wá ní kí Sìdíkà jọ̀ọ́ bọ́ síta díẹ̀. Sìdíkà kọ́kọ́ ń janpata, ṣùgbọ́n ó jáde. Dókítà wá bi mí bóyá ó ti wù mí rí kí n sùn kí n má jí mọ́. Kò sẹ́ni tó bi mí rí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò pariwo, kò ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ó gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀, ó ní kí n máa sọ ọ́ lọ.

Ó ṣàlàyé pé àìsàn ni, gẹ́gẹ́ bí ibà ṣe jẹ́ àìsàn, pé orúkọ rẹ̀ ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, kì í ṣe wèrè. Ó fún mi ní oògùn, ẹyọ kan lójúmọ́, ó sì kìlọ̀ pé ó máa tó ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, kí n má jáwọ́. Ó tún ní ọkùnrin kan wà ní kílíníìkì kan ní Ibafo, tó kọ́ṣẹ́ abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà, tó máa ń fi iná mànàmáná díẹ̀ sí abẹ́rẹ́ náà. Ó ní kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo èèyàn o, ṣùgbọ́n ó ti ran àwọn kan lọ́wọ́ kún oògùn wọn. Ó kọ lẹ́tà, ó gbé e lé Sìdíkà lọ́wọ́.

A ò tíì dé géètì tí Sìdíkà ti ki lẹ́tà yẹn sí ìsàlẹ̀ báàgì rẹ̀. Ó fà mí sábẹ́ igi kan.

“Ìyá, ẹ má sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni. Ẹ mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀ wá tọrọ Mọ́rúfà.”

Mọ́rúfà ni ọmọ rẹ̀, ọmọ ọmọ mi. Ọmọ Ìyá Músíbáù ló fẹ́ fi í ṣaya, èmi àti Ìyá Músíbáù sì jọ ń ṣe àsàlátù ní Mowe ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é: kí ará ilé ọkọ tó gbé ẹsẹ̀, wọ́n á ti rán èèyàn lọ wádìí. Ṣé wèrè wà nílé yẹn? Ṣé ẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀? Ṣé wárápá wà níbẹ̀? Wọ́n á dé Ifo, wọ́n á bi àwọn àgbà léèrè. Èmi fúnra mi ṣe irú ìwádìí yẹn nígbà tí ọmọkùnrin mi fẹ́ gbéyàwó, nítorí náà, ẹnu mi ò gbà á láti bá Sìdíkà wí. Mo kàn bi í pé kí la máa wá sọ.

“Orúnkún,” ló wí. “Ta ni orúnkún kì í dùn lọ́jọ́ orí yín?”

Báyìí ni orúnkún ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin alábẹ́rẹ́ ní Ibafo, Sìdíkà ò mú lẹ́tà jáde. Ọkùnrin náà, ọmọ Ọ̀ṣun, ẹni jẹ́jẹ́ tó ń fi okùn so awò ojú kọ́rùn, kí mi dáadáa. Ó ní, “Ìyá, níbo ló ti ń dùn yín?” Kí n tó ṣí ẹnu, ọmọ mi ti ní, “Orúnkún méjèèjì ni, sà. Pàápàá tòsì.” Mo wo orúnkún òsì mi. Kò ṣe nǹkan kan. Èmi tí èsì máa ń pẹ́ dé ẹnu mi, kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, wọ́n ti ká aṣọ mi sókè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, nítorí ẹ̀rù tí àwọn èèyàn fi ń dẹ́rù ba ara wọn. Abẹ́rẹ́ náà tín-ín-rín ju ẹyọ ìgbálẹ̀ lọ, ó sì máa ń já a nínú ọ̀rá rẹ̀ níṣojú mi, tuntun ni. Bó bá ti gún un, ó máa fi irin kékeré kan tó dà bí èyí tí a fi ń há aṣọ lórí okùn há a, wáyà á wá ti ibẹ̀ lọ sínú àpótí kan tí kò ju rédíò kékeré lọ. Bátìrì ló ń lò, nítorí náà, àwọn oníná ò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ wa. Bó bá tàn án, ó máa ń ṣe ọ́ bíi pé èèrà ń tò kọjá lábẹ́ awọ ara. Kò jó èèyàn. Kò gbé èèyàn ṣánlẹ̀. Wàá kàn jókòó síbẹ̀ bí ẹni ń dúró de ìkòkò kó hó.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, Ọjọ́rú àti Sátidé, ọ̀sẹ̀ márùn-ún, orúnkún tí kò ṣe mí rí ni wọ́n ń gún. Irọ́ náà ò sì dúró sójú kan. Ẹ̀gbọ́n mi wá láti Ifo, ó rí oògùn mi, ó béèrè, Sìdíkà ní oògùn orúnkún ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní oògùn orúnkún máa ń ba ikùn jẹ́, ó dà á sínú ṣáláńgá, ó fi òrí àti adi àgbọn rọ́pò rẹ̀ fún mi. Oògùn tí dókítà ní kí n má já, bó ṣe já nìyẹn. Mo wò ó títí ó fi dà á tán. Mi ò ní agbára àtijà.

Àwọn obìnrin àsàlátù náà gbọ́ pé orúnkún ń dùn mí. Ìyá Músíbáù, kí Ọlọ́run san án fún un, fúnra rẹ̀ ra àga oníke wá fún mi, kí n lè máa jókòó kírun. Ó rà á tìfẹ́tìfẹ́, mi ò lè kọ̀ ọ́. Ẹ gbọ́, nínú gbogbo ayé mi nígbà yẹn, ibi kan ṣoṣo ló kù tí ara mi ti máa ń fúyẹ́ díẹ̀, ìgbà tí iwájú orí mi bá kan ilẹ̀. Ìyẹn náà ni àga gbà lọ́wọ́ mi. Èmi tí orúnkún mi le bí òpó, mo jókòó sẹ́yìn bí àlejò, mo ń wo ẹ̀yìn àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bí wọ́n ṣe ń tẹrí ba.

Ó wá di àárọ̀ Sátidé ọlọ́yẹ́ yẹn. Sìdíkà pè mí lórí fóònù pé òun ò lè wá mú mi, pé ojú ò ríran lọ́nà, kí n fi tòní sílẹ̀. Mo jókòó, mo ń wo àga oníke. Mi ò mọ ibi tí agbára yẹn ti wá, bóyá ìbínú ni. Mo fi ìborí mi wé imú, mo rìn dé ẹ̀gbẹ́ títì, mo wọ ọkọ̀ tó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ìgbín títí a fi dé Ibafo.

Ọkùnrin alábẹ́rẹ́ rí mi, ó ní, “Ẹ̀yin nìkan lónìí, Ìyá?” Ó na orúnkún mi, ó ká a, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́tùn-ún lósì. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ní orúnkún mi ti dá ṣáṣá bíi ti ọmọge, pé iṣẹ́ ti parí, kí n máa lọ sílé, kí n má wulẹ̀ wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ mọ́.

Mo rí i pé wọ́n fẹ́ lé mi lọ pẹ̀lú ìlera orúnkún, pẹ̀lú ikú lọ́kàn.

Mo ní, “Orúnkún mi ò ṣe mí rí.”

“Ẹ ní kí ni, Ìyá?”

“Ọkàn mi ló ń ṣe mí. Ayé ti sú mi. Dókítà obìnrin kan kọ lẹ́tà sí yín, ó wà nínú báàgì ọmọ mi.”

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, “Ọ̀sẹ̀ márùn-ún, Ìyá. Ẹ ń wò mí tí mo ń gún orúnkún tó yè kooro.”

Mo ní, “Èmi lẹ bi, ọmọ mi ló dáhùn, ẹ sì kọ tọmọ mi sílẹ̀.”

Kò bá mi jiyàn. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní ẹ̀bi òun ni. Lójú mi níbẹ̀ ló ti wá bí òun àti dókítà obìnrin yẹn ṣe máa sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé oògùn mi ti wọ ṣáláńgá, mo gbọ́ ohùn obìnrin náà láti inú fóònù níbi tí mo jókòó. Ó ní wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ oògùn lákọ̀tun, kí n wá rí òun ní ọjọ́ Mọ́ńdè, òun máa wò mí kí n tó tò sórí ìlà. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ gún abẹ́rẹ́ sí àtàrí mi, òmíràn láàárín ojú méjèèjì, àti ọrùn ọwọ́.

Abẹ́rẹ́ ṣì wà lórí mi nígbà tí Sìdíkà, tí wọ́n ti pè pé mo wà níbẹ̀, wọlé, oòrùn ti ń yọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo orí mi, ó mọ̀. Ó ní, “Ìyá, ẹ ti ba ọ̀rọ̀ Mọ́rúfà jẹ́.”

Mo ní, “Sìdíkà, bí mo bá kú, ta ni yóò wúre fún Mọ́rúfà lọ́jọ́ ìyàwó? Orúnkún mi?”

Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì. Nígbà tó pẹ́, ó ki ọwọ́ sínú báàgì, ó mú lẹ́tà yẹn jáde. Ó ti rún, ó ti dọ̀tí, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ nù. Ó ń gbé e kiri láti ọjọ́ yìí.

Kò yá kíákíá o, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mi ò rí ìyàtọ̀. Mo ti ń sọ pé a tún ti ń tan ara wa jẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo jókòó sídìí atẹ́ lọ́jọ́ kan, mo rí òkúta, inú sì bí mi sí i. Mo ṣà á, mo jù ú nù tagbáratagbára. Mo dúró, mo ní, ó mà pẹ́ o tí nǹkan ti bí mi nínú. Oúnjẹ tẹ̀ lé e, oorun ló dé gbẹ̀yìn.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, mo ń ṣa atẹ́ mẹ́ta lóòjọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mo ń lọ gba abẹ́rẹ́ báyìí, mo sì ń lo oògùn mi lójoojúmọ́, lábẹ́ ìrọ̀rí mi ni mo ń tọ́jú rẹ̀ sí, ẹ̀gbọ́n mi ò lè dé ibẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan ṣì ń wúwo. Bí ẹ bá bi mí bóyá oògùn ló wò mí tàbí abẹ́rẹ́, tàbí sísọ tí mo sọ ọ́, mi ò mọ̀, àwọn dókítà náà ò sì pe ara wọn ní ẹni tó mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹ má jẹ́ kí ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ gún yín lójú ọ̀nà, ẹ má torí abẹ́rẹ́ da oògùn nù, bó bá sì ti ń wù yín kí ẹ má jí mọ́, ẹ sọ ọ́ fún ẹnì kan lónìí, ẹ má fi dọ̀la. Ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́. Ọmọ yín fẹ́ràn yín, ṣùgbọ́n kò sí nínú ara yín.

Ó ku ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ kejì Sátidé yẹn, mo sì ti gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó kàn kí n tó kọ ọ́.

Sọ́ńdè ni, ọjọ́ àsàlátù. Mo gbé àga oníke lọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Ìyá Músíbáù gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu eruku ọyẹ́ kúrò lórí rẹ̀, ó gbé e sí àyè mi lẹ́yìn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé e, mo fi ti ògiri, mo wá dúró lórí ìlà láàárín àwọn yòókù. Mo tẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo fi iwájú orí kan ẹní. Mo pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Nígbà tí a ṣe tán, ó sún mọ́ mi, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ìyá Sìdíkà, àlìhámúdùlílàhì, orúnkún ti yá.”

Mo ní kò ṣe mí rí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, dókítà, oògùn, abẹ́rẹ́ orí, lẹ́tà inú báàgì. Mo ní bó bá fẹ́ rán èèyàn lọ wádìí ní Ifo, kó má wulẹ̀ náwó ọkọ̀, èmi rèé. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin, tẹ̀sùbáà rẹ̀ ń yí lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo ẹní. Mo ti ń múra sílẹ̀ fún ohun tó máa sọ.

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ọjọ́ wo ni ọkùnrin yẹn máa ń wà níbẹ̀?”

Mo ní Ọjọ́rú àti Sátidé, kó tètè débẹ̀ nítorí ìlà, kó má sì mú ọmọ kankan dání tó máa bá a dáhùn.